Lẹ́tà Tí Wọ́n Kọ "Kíákíá" Sí

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Kò sí lẹ́tà tó ń wọ ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ìjọba tí wọn kì í kọ "kíákíá" gàdàgbà sí lórí, nítorí náà Akínwándé, akọ̀wé ibẹ̀, kò kà á sí mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni lẹ́tà àwọn tó ń béèrè èsì àyẹ̀wò omi kànga àdúgbò wọn fi wà nísàlẹ̀ òkìtì ìwé. Nígbà tó yí kàn án ló tó kà á: Òkè-Ìrókò, àdúgbò ìyá rẹ̀! Ó sáré fa fáìlì èsì àyẹ̀wò náà yọ. Májèlé wà nínú omi náà. Ó tẹ ìyá rẹ̀ láago lójú ẹsẹ̀.

"Màámi, ẹ má mu omi kànga yẹn mọ́ o!"

"Háà, Àlàó ọmọ mi! Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí inú ti ń run mí. Omi yẹn náà ni mo fi ń lo oògùn."