Orí Méjì ni Pátákó Yìí Ní

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti ń múra àtikúrò lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá di ojú, ṣé àdúrà lẹ̀ ń gbà ni, àbí ẹ̀rù ló ń bà yín?

Obìnrin kan wà, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ọkọ rẹ̀ mú un lọ sí ìlú olókè kan nílẹ̀ òyìnbó, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Nígbà tó yá, ọkọ kú. Ó ku òun àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Àwẹ̀ró. Ó wá iṣẹ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe pátákó gígùn tí àwọn ará ibẹ̀ ń dè mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Ọ̀gá bi í pé kí ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ó mú igi kan nílẹ̀, ó gbé e sí etí, ó fi ìka lù ú, ó ní, "Èyí kò tíì gbẹ, sà." Ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Pátákó yẹn kì í ṣe igi lásán o. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lẹ̀ pọ̀, líle kan, fífúyẹ́ kan. Wọ́n á fá a kí àárín rẹ̀ nípọn, kí orí àti ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Wọ́n á fi aṣọ fáíbà tí wọ́n ti rẹ sínú gọ́ọ̀mù bò ó lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n á fi irin sí etí rẹ̀, wọ́n á tẹ́ ike dúdú sí abẹ́. Ẹ̀rọ ńlá kan tó gbóná ni yóò wá tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bo igi inú, ẹni tó ṣe é á fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni kì í rí orúkọ yẹn mọ́, àfi tí pátákó bá kán.

Àṣà kan tún wà níbẹ̀. Tí igi bá ní kókó, níbi tí igi ti máa ń tètè kán, apá ibi tí kókó wà ni wọ́n fi ń ṣe ìdí. Orí ló ń la ọ̀nà, ìdí kàn ń tẹ̀ lé e ni. Bí pátákó bá sì ti dúró ti ògiri ní ṣọ́ọ̀bù, ta ló ń bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀?

Àmọ́ eré ti Àwẹ̀ró yàtọ̀. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á sáré gun òkìtì yìnyín, wọ́n á fò sókè, wọ́n á yípo lójú ọ̀run, wọ́n á sì padà wálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tí wọ́n kọ sí ọ̀nà. Wọ́n á wá máa fi ẹ̀yìn yọ̀ lọ bí ẹni tó ń kí ará ilé pé ó dàbọ̀. Nítorí náà, bí orí pátákó wọn ṣe ká sókè ni ìdí rẹ̀ náà ká sókè, kó má baà gún yìnyín. Ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ, ó kùn ún pupa bí osùn. Inú ọmọ dùn sí i gan-an.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bí Àwẹ̀ró bá ti fò, ìyá á di ojú pinpin, á máa pe Jésù, kò ní là á títí yóò fi gbọ́ àtẹ́wọ́. Ìyá Àdúrà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́.

"Màámi, ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fò," ni ọmọ wí. "Ẹ ò tíì rí mi lókè lẹ́ẹ̀kan."

"Àdúrà ni mò ń gbà fún ọ."

"Ẹ la ojú gbà á. Ṣé Ọlọ́run á bínú ni?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Mo ṣèlérí. N ó la ojú."

Ọjọ́ pé tí wọ́n fẹ́ yan àwọn ọmọ tí yóò ṣojú ìlú níbi ìdíje. Àwẹ̀ró fò. Ìyá di ojú. Ohun tó gbọ́ kì í ṣe àtẹ́wọ́. Nǹkan kan dún, ó ní kàù! Nígbà tó la ojú, ọmọ wà nílẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, pátákó kan ti kán.

"Mo ti sọ fún ọ pé fífò yẹn ti ga jù!" ni ìyá kígbe. "O ò balẹ̀ dáadáa!"

"Ẹ rí i ni?"

Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó gbé pátákó tó kán nílẹ̀.

"Mo balẹ̀ dáadáa, Màámi. Pátákó ló kán. Gbogbo ẹni tó la ojú ló rí i." Omi ń bọ́ lójú ọmọ. "Ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe, tí ẹ̀yin gan-an ò lè wò, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé e?"

Àwọn tó ń yan ọmọ ní kó padà wá fò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ọwọ́ bá ti san. Tí ìyẹn bá kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ìyá gbé èyí tó kán lọ síbi iṣẹ́. Ìdí ló ti kán, níbi kókó gan-an. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó náà, ó hàn kedere. Ó rántí ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń sọ nídìí iṣẹ́: "Igi kì í purọ́. Ibi tí o bá ti bò ó mọ́lẹ̀ ni yóò ti tú ọ fó." Ó jókòó. Ó wá mọ̀ pé gbogbo ojú tí òun ń di, àdúrà kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ òun mọ ohun tó wà nínú ìdí yẹn.

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa igi. Ó ṣà á ṣà á, ó da èyí nù, ó da tọ̀hún nù. Ọ̀gá ń wò ó. Ó ní, "Ìyá Àdúrà, kí ni gbogbo èyí? Fi kókó yẹn síbẹ̀ jàre, ìdí ṣáà ni."

Obìnrin yìí kì í bá ọ̀gá jiyàn. Lọ́jọ́ náà, ó gbé ojú sókè.

"Ẹ má bínú, sà. Pátákó yìí kò ní ìdí. Orí méjì ló ní."

Ọ̀gá gba igi náà wò. Lẹ́yìn náà ló pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ní kí obìnrin náà tún un sọ. Láti ọjọ́ náà, kókó kò wọ ìdí irú pátákó bẹ́ẹ̀ mọ́ níbẹ̀.

Ó fá ìdí bó ṣe fá orí. Nígbà tí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ tán, kò kánjú ṣí i. Ó jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Ó gbé e délé, ó fi eékún tẹ ìdí rẹ̀ níwájú ọmọ. Ó tẹ̀, ó sì ta padà.

"Ìwọ náà tẹ̀ ẹ́."

Àwẹ̀ró tẹ̀ ẹ́ títí ó fi mí hẹlẹ. "Ṣé ẹ máa wò mí?"

"N ó wò ọ́."

"Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ rí."

"Nígbà yẹn, mo mọ ohun tí mo fi pa mọ́ síbẹ̀."

Ọjọ́ tún pé. Àwẹ̀ró dúró lókè, pupa osùn ń tàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyá dúró nísàlẹ̀, àdúrà wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, báwa náà ṣe ń ṣe nìyẹn. A kọ́ ọmọ ní ìkíni, a rán an níléèwé, a ra aṣọ tó dára fún un: orí ti ká sókè, gbogbo ayé ń yìn wá. Kí la fi sí ìdí? Ọjọ́ tí ayé bá yí ọmọ náà po, tó jẹ́ ẹ̀yìn ni yóò fi balẹ̀, ṣé ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "mo ṣìṣe"? Ṣé ó mọ̀ pé òun lè padà wálé? Ẹ yẹ ibẹ̀ wò nísinsìnyí tó ṣì wà lọ́wọ́ yín, orúkọ yín ló wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá sì ti ṣe é tọkàntọkàn, ẹ gbàdúrà yín, ṣùgbọ́n ẹ má di ojú. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí orí yín wú.

Àwẹ̀ró fò. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ìdí pátákó kan ilẹ̀, ó tẹ̀, ó sì gbé e dúró. Omi kún ojú ìyá rẹ̀ dẹ́nu, ṣùgbọ́n kò pa á dé. Ó rí gbogbo rẹ̀.