Ìdí tí ẹnu ilé ẹ̀gà fi ń wolẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ilé ẹ̀gà ṣì lanu sókè bí abọ́ ọbẹ̀, ẹ̀gà kì í pariwo. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má wò mí báyẹn. Ẹ̀gà tí ẹ mọ̀ yìí náà ni. Ó dákẹ́ ju òkúta lọ.

Láyé ìgbà náà, eré kan ṣoṣo ni àwọn ẹranko fẹ́ràn. Wọ́n á da omi ilá sórí àpáta ńlá kan, àpáta á máa yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Wọ́n á wá máa fi ọ̀pá tó tẹ̀ lórí gbá awùsá kiri, wọ́n á máa yọ̀ ṣubú, wọ́n á máa dìde. Ẹgbẹ́ tó bá gbá awùsá wọ ilé ẹgbẹ́ kejì ló borí. Bí Ẹfọ̀n bá ṣubú lórí ilá yẹn, ilẹ̀ á mì tìtì, ẹ̀rín á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo igbó.

Àwọn àgbà igbó wá rí i pé bí àwọn kò bá ṣòfin, àwọn alágbára á kó gbogbo ẹni tó mọ eré ṣe sọ́dọ̀ ara wọn. Wọ́n ní, "Ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ san ju ọgọ́rùn-ún ṣírí àgbàdo lọ fún gbogbo eléré rẹ̀ lọ́dún."

Ta ló wá ń ka ṣírí? Ìyá Ẹ̀gà ni. Orí ọ̀pẹ létí odò ló ń gbé. Ó fa imọ̀ ọ̀pẹ ya wẹ́wẹ́, imọ̀ kan fún eléré kan. Iye ṣírí tí eléré bá ń gbà, iye kókó tí yóò ta sí imọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó wá tò wọ́n sínú ilé rẹ̀ yíká. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ń gbà, kó gun ọ̀pẹ, kó yọjú wolé, kó ka kókó. Ọ̀fẹ́ ni o! Àwọn tí kò tilẹ̀ ń ṣeré, ibẹ̀ ni wọ́n ń pé sí. Ìgbín á bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀pẹ lọ́jọ́ Ajé, á débẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, á ka kókó tán, á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Mo ti wí bẹ́ẹ̀."

Ẹfọ̀n ni olórí Ẹgbẹ́ Oníwo. Ọ̀kẹ́rẹ́ sì ni aṣọ́lé wọn. Ẹ ó ní, ìwo wo ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ní? Ẹ̀gún méjì ni wọ́n so mọ́ ọn lórí, wọ́n ní ó ti tó. Kò sí awùsá tó lè kọjá lára rẹ̀.

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, eléré kọ̀ọ̀kan á lọ bá olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ dúnàá-dúrà. Bí àwọn méjèèjì bá ti jọ ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀, kò sí àyípadà mọ́ títí ọdún mìíràn. Ṣírí mẹ́ta ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún yìí, ọmọ mẹ́fà ló wà nínú ihò igi rẹ̀, ṣírí mẹ́ta kò sì lè bọ́ wọn dé oṣù kejì. Ó ní òun á kọ́kọ́ lọ ka kókó àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, kí òun tó mọ ohun tí òun á bèèrè.

Ẹfọ̀n gbọ́, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ṣé ẹ rí i, ó ti ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, ṣírí wọn sì ti ju ọgọ́rùn-ún lọ. Òjò ni kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun ọ̀pẹ lọ wò ó. Ó pe Ìgalà, èkejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, wọ́n sáré lọ sídìí ọ̀pẹ.

"Ìyá Ẹ̀gà, ẹ kú ilé o."

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Oníwo. Ṣé kò sí?"

"Ẹnu yín ni mo wá rà."

"Ẹnu mi kẹ̀? Ẹnu wo?"

"Ẹnu tí gbogbo ayé fi ń mọ ohun tí kò kàn wọ́n. Ẹ tà á fún mi, kí ẹ sì pa á dé."

Ìyá Ẹ̀gà rò ó. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó eléré rí. Ẹnu ilé rẹ̀ ni gbogbo ayé ń yọjú sí. Ẹnu ilé ni bàbá yìí ń wí nìyẹn.

"Kí lẹ máa fún mi?"

"Oko ìrẹsì mi létí odò. Gbogbo rẹ̀."

Ha, ẹ̀gà àti ìrẹsì! Kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Mo tà á!"

"Ìgalà, o gbọ́?"

"Mo gbọ́ o. Ẹnu lẹ rà, ẹnu ni wọ́n tà."

Kí Ẹfọ̀n tó délé, Ìyá Ẹ̀gà ti dojú ilé dé, ẹnu ilé ń wo odò. Imọ̀ wà nínú, kókó wà nínú, ẹnikẹ́ni kò rí i mọ́. Ìgbín dé orí ọ̀pẹ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀yìn ilé ló bá.

"Ọjọ́ márùn-ún!" ló ń ké. "Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi gun igi yìí o!"

Ẹfọ̀n tó rà á pàápàá fẹ́ ka kókó àwọn ẹgbẹ́ mìíràn. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú odò, ó ranjú mọ́ òkè. Ọmọ ẹ̀gà kan ṣu sí i lójú.

"Ìgalà, mi ò ríran. Ìwọ, kí lo rí?"

"Ẹ̀yin nìkan ni mo rí, Bàbá."

Nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ wá dúnàá-dúrà, Ẹfọ̀n ti fọjú nù, ó ti jókòó sídìí ẹrẹ̀.

"Ṣírí mẹ́ta," ó ní. "Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Bàbá, ọmọ ti di mẹ́fà. Èló lẹ ń fún Ìgalà?"

"Méjì. Àánú rẹ ló ṣe mí tí mo fi sọ mẹ́ta. Bí oòrùn bá wọ̀ tí o kò tíì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo ti lé ọ nìyẹn."

Ọ̀kẹ́rẹ́ sunkún lọ sábẹ́ ọ̀pẹ. "Ìyá, ẹ gbà mí! Ẹ ṣílé díẹ̀, kí n ka kókó Ìgalà."

"Ọmọ mi, mo ti ta ẹnu."

"Ẹnu wo lẹ tà?"

"Ẹnu ilé ni."

"Ẹnu wo lẹ wá fi ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí?"

Ìyá Ẹ̀gà fi ìyẹ́ apá kan ẹnu ara rẹ̀. Ó wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Tèmi ṣì wà níbí!"

Ó ké pe gbogbo ọmọ, gbogbo àbúrò, gbogbo ìyàwó ilé. Ó fún kálukú ní imọ̀ kan, ó ní kí wọ́n ké e jáde. Gbogbo wọn ṣí ẹnu pa pọ̀.

"Ẹfọ̀n, ogójì! Ìgalà, ọgbọ̀n! Ẹtu, ogún! Òbúkọ tó sá wá láti abúlé, mẹ́tàdínlógún!"

Gbogbo igbó gbọ́. Àwọn àgbà ṣírò ó: ó ti fi méje lé ọgọ́rùn-ún, Ọ̀kẹ́rẹ́ kò sì tíì sí nínú rẹ̀!

Ẹfọ̀n sáré dé. "Ẹ pa ẹnu dé! Mo ti ra ẹnu yín!"

"Ẹnu ilé lẹ rà," Ìyá Ẹ̀gà ní. "Òun ló ń wolẹ̀ yẹn. Ẹ gùn ún wá kí ẹ gbé e lọ."

Àwọn àgbà dájọ́. Wọ́n ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ máa gba ogún ṣírí, kí wọ́n sì yọ gbogbo ohun tó bá lé lórí ọgọ́rùn-ún kúrò lára ti Ẹfọ̀n. Mẹ́tàlá ló kù fún Ẹfọ̀n. Ọ̀kẹ́rẹ́ ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ dé igbọ̀nwọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu ilé ẹ̀gà ti ń wolẹ̀, tí ẹ̀gà kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ mọ́. Owó eléré ni wọ́n ń kà, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí kò fi yé wa. Bí ẹ bá sì rí wọn nínú oko ìrẹsì, tí ẹ ju òkò lù wọ́n, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní, "Tiwa ni! Tiwa ni! Ẹnu la tà tí a fi rà á!"