Yàrá Ẹlẹ́ní Méje

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn kó dún, àbí oúnjẹ alẹ́ ò tíì dénú yín? Àlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Ẹ ṣeun. Àlọ́ mi fò, ó fò, kò bà lé Ìjàpá lónìí. Mo mọ̀ pé òun lẹ ń retí, ẹ jẹ́ kó sinmi. Àlọ́ mi bà lé Òkété, ó tún bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu dídùn. Dúródọlá, ká ẹsẹ̀ rẹ kò, kí ìyá àgbà lè ríbi jókòó lórí ẹní yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹní gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko jọ ń gbé ìlú kan, Òkété gbẹ́ ihò rẹ̀ sí ẹ̀bá odò. Ihò náà dára. Ṣùgbọ́n òjò ọdún kan dé, odò kún, omi wọlé lóru, ó gbé ọmọ rẹ̀ mẹ́ta lọ. Òkété sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ọdún yípo, ó tún lóyún. Oyún ti wọ oṣù ìbímọ, òjò sì ti ń ṣú lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ní, "Bí mo bá bí ọmọ yìí sínú ihò yẹn, omi ni mo bí i fún." Ilé tó ga kúrò nílẹ̀ ló ń wá, kí òjò àkọ́kọ́ tó balẹ̀.

Igi oṣè ńlá kan wà láàrin ìlú. Ogún ẹranko ò lè fọwọ́ gbá a mọ́ra, inú rẹ̀ sì ṣófo láti ìsàlẹ̀ dókè. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló jogún un lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó pín in sí yàrá-yàrá, ó ń tà á. Iye ẹní tó bá gba inú yàrá ni wọ́n fi ń díwọ̀n ilé lọ́dọ̀ wọn: ẹní kan, agbọ̀n èkùrọ́ kan. Ní àárọ̀ kùtùkùtù, Ọ̀kẹ́rẹ́ á gun ẹ̀ka igi, á máa polówó:

"Yàrá rèé o! Ẹlẹ́ní méje rèé! Ẹ na ẹsẹ̀, ẹ na ìrù, ẹ ò ní kan ògiri!"

Ta ló lọ tẹ́ ẹní wò? Kò sí. Èèwọ̀ ìlú ni. Ẹni tí kò tíì ra ilé kò gbọdọ̀ tẹ́ ẹní sínú rẹ̀, wọ́n á ní ó fẹ́ fipá gba ilé onílé. Ohun tí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá ti sọ labẹ gé.

Òkété lọ wo yàrá náà. Ọ̀kẹ́rẹ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá wa. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o."

"Àmín o, baba onílé."

"Ẹ wọlé, ẹ wò ó! Ẹní méje gbáko. Ẹ ò rí bó ṣe lọ salalu!"

Òtítọ́ ni, ó tóbi lójú. Ẹ̀yin ará mi, yàrá òfìfo kì í kéré. Ọ̀kẹ́rẹ́ tún ń fò láti igun kan sí èkejì, bí ẹni pé ọ̀nà jìn. Inú Òkété dùn. Ó ti ń fojú inú rí ibi tí àwọn ọmọ yóò sùn sí. Ó kù díẹ̀ kó sọ pé òun ti gbà.

Bó ṣe ń jáde, ó rí ọmọ Ọ̀yà tó ń sùn lọ́sàn-án. Orí ọmọ wà nínú yàrá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀, yàrá ẹlẹ́ní márùn-ún ni Ọ̀yà sọ pé òun rà. Òkété dúró, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà títí. Ó wá fi ìrù rẹ̀ wọn bí ògiri ẹnu ọ̀nà ṣe nípọn tó. Ẹ mọ bí ìrù Òkété ṣe gùn tó. Kò la ògiri náà já.

Ká ní èmi ni, mo ti figbe ta. "Olè!" Ariwo á sọ, Ọ̀kẹ́rẹ́ á ní mo ba òun lórúkọ jẹ́, òjò á sì bá mi níta. Òkété ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi yin obìnrin yìí! Ẹ̀rín músẹ́ ló rín.

"Baba onílé, ilé yìí wù mí. Agbọ̀n méje ni gbogbo ohun tí mo ní, ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni mo fi kó o jọ. Ní ọ̀túnla, mò ń gbé e bọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́rìí mi."

"Ẹlẹ́rìí mélòó?"

"Méje ni, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ilé ju ọ̀rọ̀ ẹnì kan lọ."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní kò burú. Èkùrọ́ ló gbà á lọ́kàn. Ó gbàgbé pé àṣà kan wà tó dàgbà ju èèwọ̀ yẹn lọ: àgbà tó bá wá jẹ́rìí sí ilé, ẹni tó ń ta ilé ló gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹní fún un, ẹní kan fún àgbà kan, nínú yàrá tí wọ́n ń tà gan-an. Àwọn tó ti rà ṣáájú, ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n mú wá. Òkété nìkan ló ronú dé ibẹ̀.

Ọjọ́ pé. Bàbá Akíka ló ṣáájú, Òòrẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún lẹ́yìn tẹ̀ lé e, àgbà márùn-ún mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Òkété kúnlẹ̀.

"Baba onílé, àwọn bàbá wa ti dé. Ẹ bá wa tẹ́ ẹní fún wọn."

Ojú Ọ̀kẹ́rẹ́ yí. Kò lè kọ̀. Ó kó ẹní jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ, Òkété sì dá orin kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹní kan rèé, baba onílé,
*Tẹ́ ẹ kó tẹ́jú!*
Kí bàbá wa ríbi jókòó,
*Tẹ́ ẹ kó tẹ́jú!*
Ọ̀kan lọ, ó ku mẹ́fà,
*Tẹ́ ẹ kó tẹ́jú!*

Ẹní kìíní balẹ̀, Akíka jókòó. Èkejì balẹ̀, ẹ̀kẹta balẹ̀. Ẹ̀kẹrin balẹ̀, ó kan ògiri. Ilẹ̀ tán.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fa ẹ̀karùn-ún lọ sí igun kan tí òrùlé ti wálẹ̀. Òòrẹ̀ ní kí òun jókòó síbẹ̀, ni gbogbo ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ bá gún òrùlé, ó há.

"Ẹ yọ mí o! Ṣé ibi tí àgbà ò lè gbórí sókè ni ẹ tún kà mọ́ yàrá?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré gbé ẹ̀kẹfà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀yà yọ sí i.

"Ẹ dákun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí wà nínú ẹní márùn-ún tí ẹ tà fún mi!"

Ehoro yọrí láti yàrá kejì. "Ó tì o! Inú tèmi ló wà!"

Àṣé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni baba onílé ti tà fún gbogbo ilé. Ó wá ku ẹní kan. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbá a mọ́ àyà. Akíka, tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, bi í pé:

"Ọmọ mi, èkeje ńkọ́?"

"Ó wà, Bàbá."

"Níbo?"

"Nínú... nínú ògiri ni. Láti èèpo igi dé èèpo igi ni mo ti wọ̀n ọ́n."

Akíka ní, "Ó dáa. Wọ inú ògiri lọ tẹ́ ẹ, kí àgbà keje lè jókòó."

Ẹ̀rín bú, igi oṣè fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Òkété nìkan ni kò rín. Ó gbé agbọ̀n mẹ́rin síwájú.

"Ẹ̀yin bàbá mi, mi ò wá jà. Ẹní mẹ́rin ni ojú gbogbo wa rí, agbọ̀n mẹ́rin rèé. Mẹ́ta tó kù, oúnjẹ ọmọ mi ni."

Àwọn àgbà ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọ́n ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ dá èkùrọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ti ògiri padà fún Ọ̀yà àti Ehoro. Ó ti jẹ ẹ́ tán! Wọ́n bá gba yàrá tòun fúnra rẹ̀, èyí tó tóbi jù lọ, wọ́n pín in fún wọn. Ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bá gun ẹ̀ka igi lọ tìtìjú-tìtìjú. Títí dòní, ẹ̀ka ló ń gbé, kò sì ríbi tẹ́ ẹní sí.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀. Odò kún, ihò àtijọ́ kún, omi ń ṣàn kọjá nídìí oṣè. Òkété bí ọmọ márùn-ún. Ó tẹ́ ẹní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kó wọn lé e. Ó ka orí wọn, márùn-ún. Ó tún ka ẹsẹ̀ wọn. Kò sí èyí tó yọ síta.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fẹ́ ra ilé, kó má ra ẹnu onílé. Ògiri wà nínú ìwọ̀n tí wọ́n ń polówó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbogbo ayé wà níbẹ̀, igun tí orí ò gbà wà níbẹ̀. Ibi tí ẹní rẹ bá balẹ̀ sí nìkan ni tìrẹ. Ìdí àlọ́ mi tún rèé: ọgbọ́n tó kúnlẹ̀ kí àgbà, tó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń ṣe ohun tí ariwo ò lè ṣe. Bí mo bá parọ́, kí ẹní mi má gbà mí sùn lálẹ́ òní.

Dúródọlá, dìde. Ká ẹní yẹn nílẹ̀.