Odi Dáramọ́lá

Dáramọ́lá kì í rí nǹkan kó má béèrè ìdí. Bó bá rí ewúrẹ́ tó ń tiro, àfi kó mọ ẹni tó sọ ọ́ lókò. Ìwà yìí ló jẹ́ kí Ẹgbẹ́ Olódi, ẹgbẹ́ tí àwọn ará Ìmẹ̀sódò gbé ìjọba lé lọ́wọ́, fi í ṣe olórí ètò ààbò. Olè ti gba ìlú kan nígbà náà, ẹgbẹ́ yìí sì ti ṣèlérí pé bí àwọn bá ti dé orí oyè, olè jíjà parí.

Dáramọ́lá ló mú àbá wá. Ó ní kí baálé kọ̀ọ̀kan mọ odi síwájú ilé rẹ̀, kó ga ju orí ènìyàn lọ. Olè wo ló máa fo ìyẹn? Inú ẹgbẹ́ dùn, wọ́n dé e ní fìlà pupa. Tọmọdé tàgbà gbé amọ̀ títí ọrùn fi ń ro wọ́n.

Ẹ gbọ́ ná! Odi parí tán ni olè wá pọ̀ sí i. Wọ́n ń kó adìyẹ lọ́sàn-án gangan, wọ́n ń ká aṣọ lórí okùn. Ará ìlú fárígá. Wọ́n ní bí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ bá bá olè nílùú, kí Dáramọ́lá ṣí fìlà rẹ̀, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé ìjọba sílẹ̀. Ẹ̀rù bà á, torí ó fẹ́ràn fìlà náà bí ojú. Àmọ́ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni pé kò mọ ìdí.

Ó ń lọ láti àdúgbò dé àdúgbò, ó ń béèrè. Kò síbi tí wọn ò ti sunkún olè sí i létí, àfi Etídò, níbi tí àwọn tó ń dẹ alákàn ń gbé. Àwọn nìkan ni kò mọ odi. Iwájú ilé ni wọ́n ti máa ń jókòó hun ìgèrè tí wọ́n fi ń mú alákàn, wọ́n á máa wo odò, wọ́n á sì máa wo ilé ara wọn.

Ó bá Ìyá Olúgbódi, àgbà wọn, nídìí iṣẹ́.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Ìyá. Kí lẹ fi ń lé olè níbí?"

"Háà! Olódi ló wá ń béèrè lọ́wọ́ aláìlódi?" Màmá gbé alákàn ńlá kan kalẹ̀. "Ẹ̀yìn rẹ̀ le àbí kò le?"

"Ó le, Ìyá."

"Ó dáa. Mú un."

Dáramọ́lá rọra nawọ́ láti ẹ̀yìn. Ojú alákàn méjèèjì nà ṣánṣán, ó yí padà, ọwọ́ rẹ̀ sì há mọ́ ìka Dáramọ́lá.

"Yéè! Mo kú o!"

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó já alákàn kúrò, ó fi ewé kókò tútù bò ó lójú. "Tún mú un."

Alákàn kò mira. Dáramọ́lá gbé e bí ẹni ṣa ìgbín.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì rọ̀ o, ọmọ mi," ni màmá wí. "Kí ni mo wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Dáramọ́lá wo ewé tó bo ojú alákàn, ó fò dìde. Ó sáré lọ sílé pẹ̀lú ìka tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó gbé ọkọ́, ó dúró lójú títì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó odi ara rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rọ́ dé.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí? O fẹ́ dójú ti ẹgbẹ́ ni?"

Kò wẹ̀yìn. Odi ya lulẹ̀, gbogbo wọn sì na ọrùn wo inú àgbàlá. Ọkùnrin kan rèé tó jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú àgbàlá, tó ń jẹ àgbàdo sísè, tó ti so okùn mọ́ àgbò Dáramọ́lá lọ́rùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará," ni olè náà wí, "odi yìí ló fi mí lọ́kàn balẹ̀."

Kó tó di ọjọ́ ọjà, gbogbo odi ìlú ti wó, ojúlé ń wo ojúlé, olè sì gbàgbé ọ̀nà Ìmẹ̀sódò. Fìlà pupa kò kúrò lórí Dáramọ́lá. Bí wọ́n bá sì bi í pé kí ló wá ń ṣọ́ ìlú, ìka tó lápàá yẹn ni yóò nà sókè, yóò sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ fúnni títí dòní: ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.