Ọyáníkẹ̀ẹ́ àti Lẹ́tà Tó Ní Kí Ó Yára

Ìdààmú ló gbé Ọyáníkẹ̀ẹ́ wá sí ojúbọ mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lásìkò ọyẹ́, kí kùrukùru tó ká kúrò lójú ọ̀nà. Obìnrin tó máa ń rìn bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dànù ni. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, sálúbàtà tó wọ̀ kò bára mu, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa, kò sì mọ̀. Adéwùsì ayàwòrán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtọjọ́mọ́jọ́, ló fi ọ̀kadà gbé e wá.

Ọyáníkẹ̀ẹ́ kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Òkèihò. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ń gba ohùn àwọn ìyàwó sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọ kan fẹ́ lọ sílé ọkọ, tó sì fẹ́ sun ẹkún ìyàwó níwájú àwọn òbí rẹ̀, òun náà á gbé rédíò agbohùnsílẹ̀ rẹ̀, á lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò ní sọ̀rọ̀, kò ní mi. Ohùn tó kó jọ báyìí ju irinwó lọ. Ikán ti jẹ àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà tán pẹ̀lú àpótí wọn, ṣùgbọ́n kí ikán tó dé, ó ti kó ohùn inú wọn fún ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tó ń jẹ́ Àká Ohùn, àwọn tó ń bá ènìyàn tọ́jú ohùn àti àwòrán sórí ẹ̀rọ ayélujára. Ó ní àkáǹtì tirẹ̀ níbẹ̀, ó sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi ń ṣí i, èyí tí òun nìkan mọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni àwọn ohùn náà wà láyé.

Wàyí o, ímeèlì kan wọlé sórí fóònù rẹ̀. Adéwùsì pàápàá rí irú rẹ̀ gbà, nítorí ọ̀dọ̀ Àká Ohùn kan náà ló kó àwòrán ọdún mọ́kàndínlógún sí. Ọyáníkẹ̀ẹ́ kà á sí mi létí: “Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, àyípadà ti dé bá àkáǹtì rẹ. Tẹ ibi tí a fi àwọ̀ búlúù kọ yìí, kí o sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ síbẹ̀, kí agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́rú tó lù. Bí o bá kọ̀, gbogbo ohun tí o kó pamọ́ yóò parẹ́.”

Ó gbé fóònù náà lé orí itan rẹ̀.

“Ìyá Ọ̀ṣun,” ó ní, “bí ó bá jẹ́ pé àwọn ló kọ ọ́ lóòótọ́, tí n kò sì tẹ̀ ẹ́, ohùn irinwó ìyàwó ti lọ nìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ olè ló kọ ọ́, tí mo tẹ̀ ẹ́, mo ti fọwọ́ ara mi ṣílẹ̀kùn fún un. Láti ìgbà tó ti dé, ẹ̀rù kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan àkáǹtì yẹn rárá. Ọjọ́ Sátidé sì ni Fadékẹ́mi ń lọ sílé ọkọ.”

Mo mọ ohun tó ń wí. Fadékẹ́mi kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí ìyá rẹ̀ fi kú. Kò mọ bí ohùn ìyá rẹ̀ ṣe rí. Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, nígbà tí ìyá náà ń lọ sílé ọkọ tirẹ̀, Ọyáníkẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ti ṣèlérí fún ọmọ náà pé yóò gbọ́ ọ.

Mo da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún sórí àtẹ. Mẹ́fà lajú, mẹ́wàá dojú bolẹ̀. Ọ̀bàrà ló yọ. Mo wí fún wọn pé:

Eré kò jẹ́ kí asáré rí ìtàkùn,
Ẹ̀sọ̀ ló ń fi oríta han arìnrìn-àjò,
A dá a fún Akóhùnpamọ́
Ní ọjọ́ tí àjèjì dúró lẹ́yìn ògiri
Tó ní kó na kọ́kọ́rọ́ ilé sí òun,
Kó má wojú òun, kó ṣá ti yára.

Mo ní, “Ọyáníkẹ̀ẹ́, èmi kò mọ ímeèlì, owó ẹyọ kò sì kà á fún mi. N kò lè sọ pé olè ni, n kò lè sọ pé olóòótọ́ ni. Ohun tí Ọ̀bàrà wí ni pé ìkánjú ni ọ̀tá rẹ, àti pé ojú kan ṣoṣo kò tó láti wo ọ̀rọ̀ yìí. Rúbọ.”

“Kí ni kí n rú, Ìyá?”

“Èkuru àti ẹ̀kọ tó lè yó ènìyàn mẹ́wàá, ìgò oyin kan, obì olójú mẹ́rin. Bu ti Èṣù lọ sí oríta. Èyí tó kù, pe ẹni mẹ́wàá tí ẹ jọ ń kíra yín ládùúgbò, ṣùgbọ́n tí ẹ kò jọ jẹun rí, kí wọ́n wá jẹ ẹ́ lágbàlá rẹ. Má fọwọ́ kan lẹ́tà náà títí wọn yóò fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà, gbé ìdààmú rẹ síwájú wọn, má fi ohunkóhun pamọ́. Adéwùsì, ohun kan náà ni mo wí fún ìwọ pẹ̀lú.”

Adéwùsì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó kàn jẹ́ ẹni tí kì í lè dúró de ohunkóhun ni.

“Ẹ má bínú o, Ìyá,” ó ní. “Èkuru kò mọ̀wé kà. Àmì ilé-iṣẹ́ náà gan-an ló wà lórí lẹ́tà yìí. Wọ́n ní ká ṣe nǹkan kékeré kan, ẹ ní ká lọ máa bó ẹ̀wà.”

Kò tíì kúrò lábẹ́ igi ìyeyè ẹnu ọ̀nà mi tó fi tẹ ibi aláwọ̀ búlúù náà, lórí ọ̀kadà tó jókòó sí. Ó kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Ó gbé fóònù náà sókè hàn wá. “Ó ti parí!” ló wí, ó sì ń yọ̀. “Ọyáníkẹ̀ẹ́, ṣé o rí i? Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.”

Ọyáníkẹ̀ẹ́ wò mí. Mo rí i pé ìka rẹ̀ fẹ́ ṣe bí tọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá, mo gbọ́. Ẹ̀wà ni mo máa rà lọ.”

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àgbàlá rẹ̀ kún. Ó ti bu ti Èṣù lọ sí oríta ní kùtùkùtù. Àwọn tó pè kọ́kọ́ jókòó bí ẹni tó wá sí ilé ẹjọ́, ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n pè é fún. Nígbà tí èkuru gbígbóná dé pẹ̀lú ata díndín, ọ̀rọ̀ yí padà. Télọ̀ kan tó máa ń fojú burúkú wo gbogbo ènìyàn bu oyin lé ẹ̀kọ, ó ní òun kò tíì jẹ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun. Aládùúgbò méjì tó ti ń bára wọn jà lórí omi òjò bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tí yóò jẹ ìdí ìkòkò, ẹ̀rín sì gbalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fọwọ́ tán, Ọyáníkẹ̀ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wọn. Fóònù náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn kan ní òótọ́ ni, àwọn kan ní irọ́ ni. Ó wá kan Bàbá Olúgbọ́dé, àgbàlagbà kan tó ń gbé òdìkejì títì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọdún mẹ́rin ni òun àti Ọyáníkẹ̀ẹ́ ti ń juwọ́ síra wọn láìjẹ́ pé wọ́n mọ orúkọ ara wọn. Bàbá yìí nu ọwọ́ rẹ̀, ó fi awò rẹ̀ sójú, ó sì pẹ́ lórí fóònù náà.

“Màmá,” ó ní, “ẹ̀yin ń ka lẹ́tà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi to lẹ́tà, n kò ka ẹyọ kan rí. Àpò ìwé là ń wò. Ta ló kọ ọ́? Ibo ló ti wá? Ǹjẹ́ ẹ ní ohunkóhun nílé tí àwọn Àká Ohùn fọwọ́ ara wọn fún yín?”

Ọyáníkẹ̀ẹ́ ní in. Káàdì tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì wọn wà nínú agolo bisikíìtì. Ó sáré gbé e wá. Bàbá Olúgbọ́dé gbé káàdì náà sí ẹ̀gbẹ́ fóònù, ó sì fi èékánná tọ àdírẹ́sì méjèèjì, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn.

“Ẹ wo èyí tó gbẹ̀yìn orúkọ wọn. Lórí káàdì, ‘n’ ni, ẹsẹ̀ méjì ló ní. Nínú ímeèlì, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. ‘m’ ni. Ẹni tó kọ lẹ́tà yìí kì í ṣe ará ilé yẹn.”

Gbogbo wọn rọ́ bò ó láti ka ẹsẹ̀.

“Kò tíì tán,” ni Bàbá wí. “‘Oníbàárà wa ọ̀wọ́n.’ Àwọn Àká Ohùn kò mọ orúkọ yín ni?”

“Wọ́n mọ̀ ọ́n!” Ọyáníkẹ̀ẹ́ kígbe. “Màmá Ọyáníkẹ̀ẹ́ ni wọ́n máa ń kọ!”

“Ẹ wá pè wọ́n. Ẹ má pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ímeèlì o, olè ni yóò gbé e. Ti orí káàdì ni kí ẹ pè.”

Ó pè. Ọmọbìnrin kan gbé e ní Ìbàdàn. Gbogbo àgbàlá tẹ́tí sí ohùn ọmọ náà bó ṣe ń jáde.

“Màmá, a kò kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Kò sí àyípadà kankan. A kì í sì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ oníbàárà, láéláé. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pè wá lórí ọ̀rọ̀ yìí. A máa kìlọ̀ fún gbogbo àwọn tó kù báyìí.”

Ariwo tó sọ lágbàlá yẹn, mo gbọ́ ọ nílé mi. Télọ̀ jó. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tún padà wá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n, wọ́n jókòó ti Ọyáníkẹ̀ẹ́ títí agogo méjìlá fi lù. Nígbà tó lù tán, ó ṣí àká rẹ̀ wò. Ohùn kan kò dín.

Ní ọjọ́ Sátidé, Fadékẹ́mi kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ọyáníkẹ̀ẹ́ tẹ fóònù, ohùn ìyá tó ti lọ sì jáde, tínrín, ó mọ́ bí omi orí àpáta:

“Bàbá mi, mo ń lọ, ẹ má sunkún mi,
Ẹni tó rán ọmọ níṣẹ́ ayọ̀ kì í dárò.
Bí mo bá bí obìnrin, yóò sun tirẹ̀ dùn ju tèmi.”

Ọmọ náà kò sunkún bí a ti rò. Ó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ là gbòò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ohùn mi ni!” Ó sì gba ẹkún náà lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó sun ún lọ títí gbogbo ilé fi dìde dúró.

Ti Adéwùsì ńkọ́? Ọyáníkẹ̀ẹ́ kìlọ̀ fún un ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ó ní tòun ti parí. Ní Ọjọ́bọ̀ ló fẹ́ ṣí àkáǹtì rẹ̀, kò ṣí. Àwọn olè ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ padà. Wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn oníbàárà rẹ̀, wọ́n ń tan irú lẹ́tà kan náà kálẹ̀. Kí Àká Ohùn tó bá a gbà á padà, wọ́n ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán rẹ́. Ó wá bá mi, kò gun ọ̀kadà.

“Ìyá, ẹbọ ọjọ́ yẹn, ṣé ó ṣì ṣeé rú?”

Mo ní, “Ó ṣeé rú. Kò ní dá àná padà, ṣùgbọ́n ọ̀la wà.”

Ọyáníkẹ̀ẹ́ ló bá a bó ẹ̀wà. Àwọn ará àdúgbò jẹun, wọ́n sì wá inú ilé wọn. Ẹni tó ní àwòrán ìkómọ mú un wá, ẹni tó ní ti ìsìnkú mú un wá. Bóyá ìdá kan nínú mẹ́ta ló padà rí. Nígbà mìíràn, bí ó bá ń ya àwòrán lọ́wọ́, yóò kàn dúró, yóò mi orí, yóò ní, “Ìṣẹ́jú kan péré.”

Ní ti Ọyáníkẹ̀ẹ́, láti Ṣakí, láti Ìgànnà, láti Ìgbòho ni wọ́n ti ń gbé kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wá bá a báyìí pé kó bá àwọn kó o pamọ́. Àká Ohùn ra ẹ̀rọ tuntun fún un. Ilé rẹ̀ kì í ṣófo mọ́.

Ẹbọ là ń pè ní oúnjẹ ọjọ́ yẹn, Èṣù sì ti gba tirẹ̀ ní oríta. Ọ̀bàrà wí fún ẹni méjì. Ẹni tó gbọ́, ire rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ fi ìka àbámọ̀ bọnu. Èmi tí mo da owó ẹyọ náà ni mo sọ ọ́ bó ṣe rí.