Orúnkún Ìyá Arúgbó

Ohun tó bá wu ọmọ í jẹ, kì í run ọmọ nínú. Ọ̀rọ̀ Ìbídùn, onídìrí kan ní Ìkìrun, ló jọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo eré tí ẹgbẹ́ òṣèré ìlú bá ṣe, òun ni wọ́n máa ń fi ṣe ìyá arúgbó. Wọ́n á da àtíkè sí i lórí, wọ́n á fa ìlà sí i lójú, kò sì sẹ́ni tó máa dá a mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó ń dirí fún Ìyá Gbénró, nìyẹn bá ní, "O ò rí ìyá arúgbó inú eré àná! Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó pa mí lẹ́kún. Àfi orúnkún tó ń dùn ún nígbà tó fẹ́ jókòó, ó gbàgbé ẹ̀ nígbà tó ń dìde."

Ooyà dúró lọ́wọ́ Ìbídùn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni ì bá ṣe dìde?"

Ìyá Gbénró fọwọ́ ti itan, ó kérora, ó sì dìde díẹ̀díẹ̀. Ìbídùn ò gbójú kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Gbénró lọ tán, ọkọ Ìbídùn, tó ti ń gbọ́ wọn, ní, "O ò ṣe sọ fún un pé ìwọ ni? Ṣé kò dùn ọ́ pé wọn ò mọ̀ ọ́ ni?"

"Bàbá Títí, tó bá mọ̀ pé èmi ni, yíyìn ló máa yìn mí. Ta ni ì bá sọ ti orúnkún fún mi?"

Nígbà tí wọ́n tún eré náà ṣe, Ìbídùn fọwọ́ ti itan, ó ń dìde tìrora-tìrora. Ìyá Gbénró pariwo láàárín èrò: "Ẹ rọra o, màmá!"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ìbídùn. Ó gbé e mì, ó sì ń tiro lọ, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.