Ọrun Tí Apá Ọdẹ́lànà Ká

Ọdẹ́lànà ọmọ Àkànmú ló fi ọrun tẹ́ẹ́rẹ́ àti ọfà igi lé àwọn akónilẹ́rú kúrò ní Ìdí-Àtòrì. Kó tó ṣe é, ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá lọ sóko. Bí odò bá ti fà lẹ́ẹ̀rùn, àwọn akónilẹ́rú á sọdá, wọ́n á kó ẹni tí ọwọ́ wọn bá bà. Wọ́n ti kó alágbẹ̀dẹ lọ tòun tilé rẹ̀, irin ọfà sì ti tán nílùú. Èyí tó dunni jù ni pé ọfà díẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé wá. Èyí tí ará ìlú bá ta sí wọn ni wọ́n ń ṣà nílẹ̀, tí wọ́n ń ta padà.

Àṣà ibẹ̀ ni pé ọrun bàbá ni ọmọ kọ́kọ́ ń gbé. Àkànmú, òmìrán adá-ẹfọ̀n-dúró, fi ọrun gìrìwò sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ọsán awọ tí wọ́n fi ń fà á ki bí ìka ọwọ́. Ọdẹ́lànà kò lè fà á ju ìlàjì lọ, ṣùgbọ́n ìtìjú ò jẹ́ kó sọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú Ìbídùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, lóko ẹ̀gúsí, tòun tọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn, ọfà Ọdẹ́lànà já sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ó rí i bí ọ̀kan nínú wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa ọfà náà, tó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Ọ̀jẹ̀lábí, arúgbó tó ń gbẹ́ ọrun.

“Baba, ẹ fún mi lọ́run tí mo lè fà.”

“Ó pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tí yóò sọ bẹ́ẹ̀. Fa èyí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí o sì máa bá mi sọ̀rọ̀. Kí ni ìyàwó rẹ sè lánàá?”

“Ẹ̀wà ni. Ó jóná.”

“Ohùn rẹ ń gbọ̀n. Gbé e sílẹ̀.”

“Ẹ̀wà náà ló fà á, baba.”

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ó gbé òmíràn fún un. Nígbà tó kan ọrun tí Ọdẹ́lànà lè fà, tó sì ń sọ̀rọ̀ láìmí gúlegúle, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọsán rẹ̀ kò ju okùn òwú tí wọ́n lọ́ lọ. Wọ́n jọ gé ọ̀pá àtòrì tó tọ́, wọ́n bó èèpo rẹ̀, wọ́n sá a níbòòji. Ọdẹ́lànà ń yá a níná, ó ń fi ọwọ́ tọ́ ọ, ó ń di ojú kan wò ó. Ó gbẹ́ ṣóńṣó rẹ̀, ó fi eérú gbígbóná sọ ọ́ di líle, ó so ìyẹ́ àṣá mọ́ ọn. Ojú tóóró tí ọsán máa wọ̀ ló gé sí ìdí rẹ̀, kí ọsán tín-ín-rín náà lè dì í mú.

Ògúnrìndé tí í ṣe Olúọdẹ rí i. “Ọmọ Àkànmú, ṣé ẹ̀gà lo fẹ́ fi ìyẹn lé lóko ọkà?”

Ọdẹ́lànà dọ̀bálẹ̀. “Ẹ̀yin bàbá mi, mo júbà ọrun Àkànmú. Ṣùgbọ́n òun ló wà lọ́wọ́ mi tí wọ́n fi mú Ìbídùn lọ lójú mi. Iyì bàbá mi ni mo gbé dání lọ́jọ́ náà, n ò gbé ohun ìjà. Ẹ jẹ́ kí n gbé èyí tí apá mi ká.” Ó dìde, ó ta ọfà kan, ọfà náà sì wọ inú ọ̀pẹ ọ̀ọ́kán tí ọfà ẹnikẹ́ni kì í dé. Olúọdẹ gbé ọrun tirẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ sílé Ọ̀jẹ̀lábí, àwọn ọdẹ yòókù sì tẹ̀ lé e, kálukú gba ọrun tẹ́ẹ́rẹ́ tí apá rẹ̀ ká àti ọfà igi.

Nígbà tí àwọn akónilẹ́rú tún sọdá, ọfà igi bọ̀ wọ́n bí òjò. Wọ́n ṣà á nílẹ̀ bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n ọsán awọ wọn kò wọ ojú tóóró náà. Ẹni tó fi ipá tì í bọ̀ ọ́, ìdí ọfà là mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọfà tiwọn tán. Ọdẹ́lànà atafà-má-tàsé léwájú, ìlú lé wọn dé etí odò, wọ́n sì mú olórí akónilẹ́rú láàyè. Kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ dá gbogbo ẹni tí wọn kò tíì tà padà, Ìbídùn wà nínú wọn. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un ti ń rìn.

Ìlú fẹ́ fi Ọdẹ́lànà joyè. Ó ní, “Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ti ojú tóóró yẹn, n ò gbèrò pé yóò dí wọn lọ́wọ́. Ọsán tí baba Ọ̀jẹ̀lábí fún mi ló mú un wá. Òun ni kí ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.” Láti ìgbà náà, ọrun bàbá di ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri. Ọmọ tó bá fẹ́ ọrun àkọ́kọ́ á lọ sí agboolé Ọ̀jẹ̀lábí, á fà, á sọ̀rọ̀, á sì gbé iṣu ọpẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn akónilẹ́rú kò sọdá mọ́. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọbìnrin, tí kì í gbé ọrun bàbá tẹ́lẹ̀, wà lára àwọn tó yan ọrun.